Ara Ń Yún Mi: Ìbéèrè Àwọn Aboyún Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Lórí Ara Yíyún àti Ohun Tó Ń Sú

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ìhà Ìjẹ̀bú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí n tó bọ́ sí Rẹ́mọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti àwọn aboyún lọ́jọ́ áńtínátà. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, àwọn ìyá ló ń bi mí wọn, òmíràn ní gbangba, òmíràn ní kọ̀rọ̀ nígbà tí ìyá ọkọ bá ti jáde. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí ẹ ṣe ń kà á: kí ẹ tó fi ohunkóhun pa ara, ẹ kọ́kọ́ wò ó. Ibo ló ń yún yín? Ìgbà wo ló ń yún? Ṣé ohun kan sú síbẹ̀, àbí awọ ara ń dán bó ṣe wà? Ìdáhùn sí mẹ́ta yìí ló máa sọ bóyá òrí lásán tó o, tàbí ọkọ̀ Ṣágámù, níbi tí ọsibítù ńlá wà, ló kàn.

Nọ́ọ̀sì, ṣé gbogbo aboyún lara máa ń yún ni?

Kì í ṣe gbogbo wọn, àmọ́ wọ́n pọ̀. Bí aboyún márùn-ún bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ó ṣeé ṣe kí ara yún ọ̀kan nínú wọn gan-an kó tó bímọ. Ikùn ń fẹ̀, awọ ń nà, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí awọ ara pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara ń gbóná, òógùn ń dà. Awọ tó ń nà tún máa ń gbẹ. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Ọ̀pẹ títí wọ Èrèlé, gbígbẹ náà á tún le sí i.

Irú yíyún bẹ́ẹ̀ máa ń wà lórí ikùn, lára ọmú, ní ìbàdí àti itan. Ó ń wá, ó ń lọ. Bí ẹ bá fi nǹkan tútù sí i, á rọlẹ̀. Kì í jí ènìyàn lójú oorun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyẹn kò ṣe ọmọ ní nǹkan kan.

Wọ́n ní irun orí ọmọ ló ń yún ikùn mi.

Rárá. Ọmọ wà nínú àpò omi, àpò omi wà nínú ilé ọmọ, ẹran àti ọ̀rá tún wà láàárín ilé ọmọ àti awọ ikùn yín. Irun rẹ̀ kò lè dé ibi tí ẹ ń họ.

Ìwé tí mo kà sọ pé ibi tó ń yún máa ń pọ́n. Èmi dúdú, n kò rí pípọ́n kankan.

Inú mi dùn pé ẹ béèrè, torí ara òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ya àwòrán. Lára àwa adúláwọ̀, ibi tí nǹkan sú sí lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ó sì lè má yí àwọ̀ padà rárá, kó kàn ga díẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ikùn àti itan jẹ́jẹ́. Bó bá ń ta kókó lábẹ́ ọwọ́, ohun kan ti sú. Bó bá ń jọ̀lọ̀, tó sì ń yún yín burúkú, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ń bẹ níbẹ̀.

Awọ dúdú kì í sì í tètè fi ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ hàn. Funfun ojú ni kí ẹ wò, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná gílóòbù.

Kí ni mo lè ṣe nílé kí ara lè tù mí?

Ìtutù ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ fi omi tútù tàbí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Omi gbígbóná máa ń dùn mọ́ ara lásìkò tí ẹ ń dà á, àmọ́ bí ẹ bá ti nura tán, yíyún náà á padà wá pẹ̀lú agídí. Ẹ pa kànrìnkàn líle tì fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ tàbí aṣọ rírọ̀ tó. Ẹ má pẹ́ nínú omi.

Bí ẹ bá jáde, ẹ má nura gbẹ fófó. Nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi òrí pa á. Òrí tí mo ń wí ni òrí gidi, tí wọn kò po lọ́fínńdà tàbí àwọ̀ mọ́. Ẹ bu ìwọ̀n orí àtàǹpàkò kan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi yọ́ tí yóò sì máa dán, kí ẹ wá fi pa ikùn, ìbàdí àti itan. Òwúrọ̀ àti alẹ́. Àdín àgbọn náà dára. Ẹni tí òrí bá ń mú gbóná jù, kó lo èyí tó fúyẹ́, ìpara tí kò ní òórùn kankan.

Aṣọ òwú ni kó máa kan ara. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ ti dá aṣọ, n kò ní ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n léèsì líle tàbí òfì tó wúwo nínú oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde, lórí ikùn oṣù keje, ìyà ni. Ẹ wọ ṣìmí olówùú sábẹ́ rẹ̀, ẹ wá ibi ìbòòji jókòó, ẹ mu omi dáadáa, kí ẹ sì bọ́ ọ gbàrà tí ẹ bá délé.

Ẹ gé èékánná. Bó bá ń yún, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibẹ̀, tàbí kí ẹ rẹ aṣọ sínú omi tútù, ẹ fún un, ẹ tẹ́ ẹ lé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá ṣe ń họ ọ́ tó ni yóò máa yún yín tó, ojú ibi tí èékánná bá sì bó á di àpá dúdú tó máa pẹ́ kó tó parẹ́.

Oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní kálámáìnì wà lọ́dọ̀ àwọn olóògùn, kò wọ́n, aboyún lè fi pa ara. Ẹ gbọn ìgò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dà á sórí òwú. Bí yíyún kò bá jẹ́ kí ẹ sùn, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lè fún yín ní oògùn bíi chlorpheniramine, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Piriton. Ó ń kun ènìyàn lóorun, nítorí náà alẹ́ ló yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ iye tí ẹ máa lò fún yín. Ẹ má fi ẹnu ọlọ́jà rà á.

Gàrí ni mo ń yan. Ooru ti sú sí mi láyà àti sábẹ́ ọmú.

Mo mọ ilé gàrí dáadáa. Ẹni tó ń yan gàrí máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ara kọjú sí agbada, iná lábẹ́, ọ̀rinrin ẹ̀gẹ́ lókè, èéfín lójú, ìró tó so mọ́ àyà ti rin gbindin kí ó tó di aago mẹ́wàá. Òógùn náà kò ríbi gbà jáde, ihò rẹ̀ á dí, kókó wẹ́wẹ́ á sú, á sì máa ta bí abẹ́rẹ́. Aboyún tètè máa ń ní i torí ara rẹ̀ ti gbóná tẹ́lẹ̀.

N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí mo mọ ohun tí gàrí Ìjẹ̀bú ń rà fún ilé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gba igbá lọ́wọ́ yín ní ìdajì ọjọ́. Ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tó ń gbé èéfín lọ. Ẹ gbé ìró mìíràn dání, kí ẹ pààrọ̀ èyí tó ti tutù. Pọ́dà tí ẹ ń dà sáàárín ọmú, tó ń pọ̀ mọ́ òógùn tó sì ń di ẹrẹ̀, ń tún ihò òógùn dí ni; ẹ fi omi ṣan ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí abẹ́ ọmú tàbí abẹ́ ikùn bá ń rùn, tó ń bó, tí etí rẹ̀ sì là yíká, làpálàpá tàbí irú rẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ìpara clotrimazole wà fún un, aboyún lè lò ó. Àwọn tó ń fún ẹ̀gẹ́ náà, omi rẹ̀ máa ń jẹ ọwọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Ọwọ́ mi yún burúkú lẹ́yìn tí mo rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́.

Ewùrà tútù ló ṣe é. Àwọn ohun wẹ́wẹ́ kan tó mú ṣóṣó bí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ tó ń gún awọ. Ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín, tàbí kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kò ní pẹ́ tí á fi lọ, ọwọ́ nìkan ló sì ń mọ sí. Èyí tó ń wá lálaalẹ́ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ewùrà, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ṣé ọṣẹ dúdú dára? Ìpara tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ọṣẹ dúdú gidi máa ń fọ ara mọ́, ó sì tún máa ń gbẹ awọ ara, torí eérú ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí awọ rẹ̀ bá ti gbẹ, kó dín in kù, kó sì má fi sílẹ̀ lára pẹ́ kó tó ṣàn án. Èyí tí wọ́n ti po oríṣiríṣi nǹkan mọ́, tí wọ́n ní ó ń mú ara tàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó kan yín lára. Bákan náà ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀: ẹ má dà á sínú omi ìwẹ̀.

Ìpara tó ń bóra ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Mákúrì wà nínú òmíràn. NAFDAC kò fàyè gbà á, síbẹ̀ ó ń wọ ọjà. Mákúrì máa ń gba inú awọ wọ ẹ̀jẹ̀, ó máa ń gba inú olóbi (ibi ọmọ) dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ọpọlọ àti kíndìnrín ló sì ń bà jẹ́. Àwọn ìpara kékeré inú túùbù tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè rà lẹ́bàá títì, sábà máa ń ní clobetasol nínú. Ó máa ń pa yíyún kíákíá, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí aboyún bá ń fi pa gbogbo ara fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ó lè jẹ́ kí ọmọ kéré, awọ ìyá á sì fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà. Dókítà lè kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ tó rọrùn fún yín, fún ojú ibi kan, fún ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀.

Ohun tó sú sí mi lára bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà tó là sí ikùn mi ní oṣù kẹjọ. Ó ti dé itan báyìí.

Ṣé oyún àkọ́kọ́ ni? Ṣé ìbejì ni? Méjèèjì ló sábà máa ń ní i. Nínú aboyún 160 sí 200, ọ̀kan á ní i. Kókó pupa tàbí dúdú á sú sórí ìlà ikùn, wọ́n á so pọ̀ di pẹrẹsẹ, á yún débi pé ẹ kò ní fẹ́ kí aṣọ kàn yín. Àmì kan tí mo máa ń wò ni ìdodo: ohun tí mò ń wí yìí máa ń yí ìdodo ká, kì í sú sórí rẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá tí ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò yẹ kó ya nọ́ọ̀sì kankan lẹ́nu.

Kì í ṣe ọmọ ní ibi. Ìyá ló ń jìyà. Ìtutù, kálámáìnì, oògùn alẹ́, àti ìpara tí dókítà bá kọ ni a fi ń bá a lò títí di ìgbà ìbímọ, á sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ láti ìdodo gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, tó sì ń lé roro olómi, ẹ má dúró nílé. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n púpọ̀, nǹkan bí ọ̀kan nínú aboyún 50,000, àmọ́ ó lè mú kí ọmọ kéré tàbí kó dé ṣáájú ọjọ́, dókítà awọ ara àti dókítà aboyún ló gbọ́dọ̀ jọ tọ́jú rẹ̀.

Kò sí nǹkan kan lára mi, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ mi kì í jẹ́ kí n sùn. Ìyá ọkọ mi ní mo tẹ nǹkan.

Ìbéèrè yìí gan-an ló mú mi jókòó kọ gbogbo èyí.

Màmá fẹ́ràn yín, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.” Àìsàn ẹ̀dọ̀ kan wà tó jẹ́ pé inú oyún ló ti ń wá. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, omi kíkorò tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Láti ẹ̀dọ̀ ló ti ń ṣàn lọ sínú ìfun. Lára àwọn obìnrin kan, họ́mónù oyún á mú kí ìṣàn yìí fà sẹ́yìn. Ohun tó yẹ kó wọ ìfun á máa padà sínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún láìsí ohun tó sú. Àpá ibi tí ẹ họ nìkan ni wọ́n á rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa ń le jù lọ, bó tilẹ̀ lè tàn dé gbogbo ara. Òru ni ọjà rẹ̀. Ìtọ̀ lè dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ìgbẹ́ lè funfun bí amọ̀, oúnjẹ lè má wuni jẹ. Ojú lè pọ́n bí ìyeyè, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni ojú wọn kì í yí padà rárá, nítorí náà ẹ má dúró de ojú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọ̀kan nínú aboyún 140 ló ń ní i. Oyún ìbejì tún ń mú un pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ń dùn mí títí dòní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, ní ilé ìwòsàn kékeré kan, obìnrin kan wọlé ní oṣù kẹjọ oyún rẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ha etí sìmẹ́ńtì, síwá sẹ́yìn, bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo wo ikùn rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo ní, “Ooru ni, ẹ máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.” Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló padà wá. Wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́sẹ̀ méjèèjì torí wọ́n ní ó tẹ nǹkan. Ó sọ fún mi pé inú bàsíà omi lòun ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ sùn, àti pé ìdí ìgbálẹ̀ lòun fi ń họ àtẹ́lẹsẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti bó. Nígbà tí mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, funfun ojú ti di àwọ̀ ìyeyè. Ọjọ́ náà la gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé, ọmọ náà kéré, ó sì yè. Láti ọjọ́ yẹn, bí aboyún bá ti sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún òun lóru, ìwé láàbù ni mo máa ń kọ́kọ́ fà jáde.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n máa ṣe, kí sì ni wọ́n máa fún mi?

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Wọ́n á yẹ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ wò, wọ́n á sì wọn ásíìdì òróòro tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èkejì yìí ló ṣe pàtàkì jù, kì í sì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Bí èsì bá dára àmọ́ tí yíyún kò lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, torí yíyún lè ṣáájú kí ẹ̀jẹ̀ tó yí padà. Wọ́n tún máa wò ó bóyá àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Iye tó bá jáde ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe. Bí ásíìdì náà kò bá tó 40 (micromol nínú lítà kan), ewu fún ọmọ kò ju ti oyún mìíràn lọ. Láti 40 sí 99, wọ́n á máa ṣọ́ ọ gidigidi. Bó bá dé 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: nínú irú oyún 100 bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi mẹ́ta ni ọmọ lè kú sínú, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń fẹ́ kí ọmọ jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 35 sí 36. N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí dókítà fi lè ní kí ẹ bímọ ṣáájú ọjọ́, kí ẹ má bàa sá.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ursodeoxycholic acid. Ó lè dín yíyún kù díẹ̀ fún àwọn kan, kò sì mú ìṣọ́ra kúrò. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni mímọ bí ọmọ ṣe ń yí. Bó bá dín kù sí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Lẹ́yìn tí mo lo oògùn ibà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Ẹ rántí orúkọ oògùn náà, tàbí kí ẹ mú páálí rẹ̀ dání wá. Chloroquine máa ń mú ara ọ̀pọ̀ nínú wa yún bí ẹni dà wèrèpè lé lórí. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì máa fi tọ́jú ibà fún yín. Oògùn ìdènà ibà tí a ń fún aboyún láti oṣù kẹrin, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, èyí tí ẹ ń gbé mì níwájú nọ́ọ̀sì, ó dára, kò sì ń sábà fa wàhálà. Ṣùgbọ́n sọ́fà (sulfa) wà nínú rẹ̀. Bí oògùn oní-sọ́fà bá ti bá yín jà rí, ẹ sọ kí wọ́n tó fún yín. Ẹni tó ń lo Septrin, oògùn oní-sọ́fà mìíràn, lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ lo èyí mọ́ ọn rárá.

Bí roro bá ń yọ lẹ́yìn oògùn èyíkéyìí, tí ẹnu tàbí ojú ń bó, tí ètè ń wú tàbí tí èémí ń há, ẹ má lo ẹyọ kan sí i. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo ilé ló ń họra lóru, èmi àti àwọn ọmọ.

Kúrúnà nìyẹn. Ẹ wo àárín ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́, abẹ́ apá, ìdí ọmọ. Aboyún lè lo ìpara permethrin. Ẹ fi pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ sùn mọ́jú pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ará ilé ló máa lò ó lálẹ́ ọjọ́ kan náà, títí kan ẹni tí ara kò tíì yún, torí kòkòrò náà lè ti wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti bẹ́díṣíìtì, ẹ sá a sí oòrùn. Imí ọjọ́ tí wọ́n ń pò mọ́ àdín láti ọjọ́ pípẹ́ ní agbára lórí kúrúnà lóòótọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n wọ̀n fún yín lọ́jà kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe le tó, mo sì ti rí awọ tó jó.

Ọmọ tí a jọ ń gbélé ní ṣíkínpọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá ti ní i rí ní kékeré, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ kò bá ní i rí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lónìí, kó tó sú sí yín lára. Bó bá ti sú, oògùn wà tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24, nítorí ó lè kọlu ẹ̀dọ̀fóró aboyún. Ẹ má wọlé jókòó láàárín àwọn aboyún yòókù. Ẹ dúró níta, ẹ rán ẹnìkan wọlé.

Àgbo ńkọ́? Ìyá alágbo ní ẹ̀jẹ̀ mi ló dọ̀tí.

Ẹ̀jẹ̀ kì í dọ̀tí bí aṣọ. Àsúnwọ̀n tí wọ́n ń gún fún làpálàpá, tí ẹ bá fi ewé rẹ̀ pa ojú ibi kan, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá mu ún, ìgbẹ́ gbuuru ni, inú á máa lọ́, bẹ́ẹ̀ ilé ọmọ kò fẹ́ irú ìdààmú bẹ́ẹ̀. Dongoyaro náà, ẹ má mu ún nínú oyún. Ẹni tó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀, àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ń di ẹrù lé ẹ̀dọ̀ náà lórí ni.

Ojú ara ló ń yún mi.

Ó wọ́pọ̀, kò sì yẹ kó tì yín lójú. Bí ohun funfun bíi wàrà tó dì bá ń jáde, oògùn tí wọ́n ń ki síbẹ̀ wà. Ẹ má fi ọṣẹ, omi iyọ̀ tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú rẹ̀.

Mo ti bímọ. Ìgbà wo ló máa lọ, ṣé ó sì máa padà nínú oyún mìíràn?

Ti ìlà ikùn kì í sábà padà. Ti òróòro yára lọ lẹ́yìn ìbímọ, láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó sábà máa ń padà nínú oyún tó ń bọ̀, nítorí náà ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ wò ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣe ìfètòsọ́mọbíbí pẹ̀lú, torí oògùn oníhóró kan wà nínú tiwọn tó lè mú yíyún náà padà. Àbúrò yín obìnrin náà, ẹ kìlọ̀ fún un. Ó máa ń rìn nínú ẹbí.

Níwọ̀n bí a ti ń sọ̀rọ̀ awọ: aṣọ ọmọ tí ẹ ti kó pa mọ́ pẹ̀lú káńfọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ fún ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba káńfọ̀, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó lè ba ọpọlọ jẹ́ ló máa ń fà fún wọn.

Ibo ni kí n lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀. Bí wọn kò bá ní láàbù, ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde wà fún ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Onàbánjọ wà ní Ṣágámù, ti Babcock sì wà ní Ìlíṣàn. Ẹ mú káàdì yín dání, àti gbogbo oògùn, ìpara àti àgbo tí ẹ ti lò, nínú ọ̀rá kan.

Ó lè jẹ́ pé èrò pọ̀, ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ti rẹ̀, á sì fẹ́ sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, pé ooru ni. Ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ má sì sọ pé “ara ń yún mi” nìkan. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ … (ẹ dárúkọ iye rẹ̀). Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń yún mi, òru ló ń le jù, ohunkóhun kò sú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ẹ̀dọ̀ mi àti òróòro mi wò.”